Ben Enwonwu, Ẹni Tí Ó Ya Ọmọọba Adétutù

 

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti bá mi dé ilé tí mo ń gbé ní Rumuomasi ni ẹ mọ àwòrán kan tí bàbá onílé wa fi kọ́ sí ara ògiri pálọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni. Ó wé gèlè, ọrùn rẹ̀ gùn gbọọrọ, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn tí kò sì tíì pinnu bóyá òun yóò dáhùn. Ó ju ẹni mẹ́ta lọ nínú yín tí ó ti bi mí bóyá ìyá bàbá nígbà èwe ni. Rárá o. Àwòrán tí a tẹ̀ sórí pépà ni, tí wọ́n fi férémù àti gíláàsì sí, irú èyí tí ó ti wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ pálọ̀ ní Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1970 wá. Tutu ni orúkọ àwòrán náà. Ben Enwonwu ni ó yà á.

Nígbà tí a jókòó láti pín iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí, mo ní ìtàn ayé Enwonwu ni mo fẹ́ kọ. Kíá ni ariwo ta. Wọ́n ní ọmọ Íbò ni, pé kí ló kàn án nínú ìwé Ẹgbẹ́ Yorùbá? Wọ́n ní kí n kọ ìtàn Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó jẹ́ aṣáájú àwọn ayàwòrán òde òní nílẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, nítorí pé ìlú onílùú ni àwa fúnra wa ń gbé, a sì mọ bí ó ti ń rí kí ẹnìkan bi ènìyàn pé kí ló kàn án. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tèmi.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 1917 ni wọ́n bí Benedict Chukwukadibia Enwonwu ní ìlú Onitsha. Ìbejì ni. Ìbá ṣe pé ilẹ̀ wa ni wọ́n bí i sí ni, Táyé tàbí Kẹ́hìndé ni à bá máa pè é, ìyá rẹ̀ ìbá sì ti gbé wọn jó kiri ọjà. Ọjà kúkú ni ìyá náà wà, aṣọ ni ó ń tà, ó sì rí ṣe gan-an. Baba rẹ̀, Omenka, bá ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n agbẹ́gilére ni tí òkìkí rẹ̀ kàn: ó ń gbẹ́ ọ̀pá àṣẹ, àpótí ìjókòó, ilẹ̀kùn àti ère. Nígbà tí baba kú, irinṣẹ́ ìgbẹ́gi rẹ̀ ni ọmọ jogún. Ẹlòmíràn a jogún ilé, ẹlòmíràn a jogún gbèsè.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Onabolu tí ẹ ní kí n kọ. Ọdún 1882 ni wọ́n bí i. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní àwòrán yíyà nígbà èwe. Àwòrán tí a tẹ̀ sínú ìwé tí ó ń ti òkè òkun bọ̀ ni ó ń wò, tí ó ń yà á títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Ní ọdún 1920 ó lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Nígbà tí ó padà dé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Èkó, ó sì ń yọ ìjọba amúnisìn lẹ́nu pé kí wọ́n fi iṣẹ́ ọnà sínú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé. Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n gba òyìnbó kan, Kenneth Murray, wá ní ọdún 1927. Murray yìí ni ó kọ́ Enwonwu ní Government College ní Ìbàdàn, àti lẹ́yìn náà ní Umuahia. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú wà nínú ọbẹ̀ náà kí ó tó hó. Ní ọdún 1937 Murray kó iṣẹ́ àwọn ọmọ náà lọ sí gbọ̀ngàn Zwemmer ní London, ti Enwonwu sì wà níbẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà.

Ó ṣe olùkọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, kí ó tó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1944. Ẹ ṣe bí ẹ gbọ́ ẹni tí ó wà lára àwọn tí ó sanwó náà: Shell, ilé-iṣẹ́ epo tí ó ní ọgbà ńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Rumuobiakani, tí kò jìnnà sí wa ní òpópónà Aba. Epo kò tíì jáde ní Oloibiri nígbà náà. Ọdún 1956 ni wọ́n tó rí i. Ó kàwé ní Goldsmiths, ní Oxford, àti ní Slade, ó sì kọ́ nípa ẹ̀dá ènìyàn àti àṣà pẹ̀lú. Ní 1948 ìjọba fi í ṣe olùdámọ̀ràn lórí iṣẹ́ ọnà.

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ojú ewé yìí lè gbà lọ. Òun ni ó ṣe Anyanwu, ère idẹ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dúró ní iwájú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èkó, tí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ilé Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ní New York. Òun ni ó ṣe ère Ọbabìnrin Elizabeth, tí Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ jókòó fún un ní 1957. Àwọn kan bínú pé ètè Ọbabìnrin nípọn jù, pé ó ti sọ ọ́ di ọmọ Áfíríkà. Ní Marina ní Èkó, níwájú ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná, òun náà ni ó ṣe Ṣàngó tí ó dúró síbẹ̀ láti 1964. Ọmọ Onitsha ni ó gbé Olúkòso dúró fún wa, a kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi Ṣàngó pé kí ló kàn án.

Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé dé, 1967 sí 1970. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Port Harcourt kò nílò kí n sọ ohun tí ogun náà fi sílẹ̀ láàárín ẹ̀yà méjì. Enwonwu ya ìjì ogun náà sínú àwòrán kan tí ó pè ní Storm over Biafra. Ní 1971, ọdún kan péré lẹ́yìn ogun, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987. Ilé-Ifẹ̀, orírun wa, ni ó wá jókòó sí.

Níbẹ̀ ni ó ti rí Adétutù ní 1973, ọmọọba láti ìdílé Ọọ̀ni Adémilúyì, ẹni tí ó jọba láti 1910 sí 1930. Ọ̀nà ni ó ti pàdé rẹ̀, ìrísí rẹ̀ sì gbà á lọ́kàn. Kò kàn yà á lójú ọ̀nà bí ẹni jí nǹkan. Ó lọ bá ìdílé rẹ̀, ó tọrọ àyè, bí ẹni wá tọrọ ìyàwó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó ya Tutu láàárín 1973 sí 1974, ó sì fi ọ̀kan pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí di ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní àmì ìrẹ́pọ̀ lẹ́yìn ogun ni àwòrán náà jẹ́ fún un. Èmi gbà wọ́n gbọ́: ọmọ Íbò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ọmọ Oòduà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú iyì bẹ́ẹ̀, láàárín ọdún mẹ́rin sí ìgbà tí ìbọn dákẹ́!

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ti ń tẹ irú rẹ̀ ni pé wọ́n á fi kámẹ́rà ya ojúlówó, wọ́n á pín àwọ̀ rẹ̀ sí mẹ́rin, aró, pupa, ìyeyè àti dúdú, wọ́n á sì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan lé orí èkejì. Mo yá awò amúǹkan-tóbi láti yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, mo fi wo ti bàbá onílé: ìpé ojú Adétutù tú ká di ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó-tò-tó. Pupa àti ìyeyè ni oòrùn tètè máa ń jẹ, ìdí nìyẹn tí ọmọọba wa ní Rumuomasi fi dà bí ẹni tí a rẹ sínú aró.

Enwonwu kú ní Èkó ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 1994. Ojúlówó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di àwátì. Àwòrán títẹ̀ nìkan ni ó kù tí gbogbo ènìyàn fi mọ ojú obìnrin náà. Ó di ìparí 2017 kí ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ó yà ní 1974, tó yọjú nínú fúláàtì kan ní àríwá London, ní ọ̀dọ̀ ìdílé tí kò mọ iye tí ó tó. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Bonhams lu ú ní gbàǹjo ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì 2018, £1,205,000 ni wọ́n rà á.

Mo sọ èyí fún bàbá onílé wa, nítorí pé ó ti ń múra láti gbé tirẹ̀ sọ nù kí ó fi kàlẹ́ńdà rọ́pò rẹ̀. Mo là á yé e pé ti pépà kò tó ohun tí a fi ń ra àpò gàrí kan. Aládùúgbò wa, ará Onitsha tí ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, wà níbẹ̀. Ó ní bí bàbá kò bá fẹ́ ẹ mọ́ kí ó fún òun, ẹ̀gbọ́n àwọn ni ó yà á. Bàbá ní ta ni ó sọ pé òun kò fẹ́ ẹ, ṣebí ọmọ àwọn ni wọ́n yà. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí iná fi lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo bá bàbá lórí àga, ó ti nu gíláàsì náà, ó ń wá ibi tí yóò kan ìṣó sí ní ògiri kejì, níbi tí oòrùn kì í dé. Ará Onitsha náà ni ó bá a di àga mú.