Thomas Fuller (oníṣirò)

Thomas Fuller (nǹkan bí ọdún 1710 – oṣù Kejìlá ọdún 1790) jẹ́ ọmọ Áfríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà. Òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ìṣirò tí ó ń ṣe láìlo gègé tàbí ìwé. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 2,210,500,800.

Ìgbésí ayé

Àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ láàárín Liberia àti Benin òde òní ni wọ́n ti bí Fuller. Ó dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1724, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14. Oko Presley àti Elizabeth Cox, nítòsí ìlú Alexandria, ni ó ti ṣiṣẹ́. Kò mọ̀ ọ́n kọ, kò sì mọ̀ ọ́n kà. Síbẹ̀, ó máa ń ṣírò iye òpó tí wọn yóò fi sọgbà àti iye hóró ọkà tí ilẹ̀ kan yóò gbà, Elizabeth Cox sì ń jàǹfààní rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀

Nígbà tí Fuller darúgbó, William Hartshorne àti Samuel Coates láti Pennsylvania lọ dán an wò. Wọ́n bi í pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ẹni tí ó ti lo ọdún 70, ọjọ́ 17 àti wákàtí 12 ti lò láyé. Láàárín ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀, ó ní 2,210,500,800. Ẹni tí ó ń fi gègé ṣe ìṣirò náà sọ pé ó ti ṣì í, pé iye náà ti pọ̀ jù. Fuller fèsì pé onítọ̀hún gbàgbé àwọn ọdún tí ó ní ọjọ́ 366.

Òótọ́ ni Fuller sọ. Ìṣẹ́jú àáyá 86,400 ni ó wà nínú ọjọ́ kan. Bí gbogbo ọdún bá jẹ́ ọjọ́ 365, ọjọ́ 25,567 àti ààbọ̀ ni àpapọ̀ ọjọ́ náà. Ìlọ́po rẹ̀ ní ọ̀nà 86,400 jẹ́ 2,209,032,000. Ṣùgbọ́n ọdún 17 nínú ọdún 70 ni ó ní ọjọ́ 366. Ọjọ́ 17 tí ó lé yìí jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1,468,800. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, 2,210,500,800 gan-an ni.

Wọ́n tún bi í pé bí àgbẹ̀ kan bá ní abo ẹlẹ́dẹ̀ 6, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí abo 6 lọ́dún, tí àwọn ọmọ náà sì ń bí bẹ́ẹ̀, mélòó ni wọn yóò jẹ́ lẹ́yìn ọdún 8? Ìdáhùn rẹ̀ ni 34,588,806. Ìyá pẹ̀lú ọmọ 6 di 7, nítorí náà, ìlọ́po 7 ni iye wọn ń di lọ́dọọdún.

Ipa rẹ̀

Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kò tó ti aláwọ̀ funfun. Ní ọdún 1788, dókítà Benjamin Rush kọ ìròyìn nípa Fuller, àwọn tí ń tako òwò ẹrú sì fi í ṣe ẹ̀rí. Rush kọ ọ́ pé kíka nǹkan dé 10 ni Fuller fi bẹ̀rẹ̀, tí ó fi ka irun ìrù màlúù tí ó jẹ́ 2,872. Ní ọdún 1990, John Fauvel àti Paulus Gerdes ṣàlàyé pé ó ṣeé ṣe kí ó ti kọ́ ìṣirò nílé kí wọ́n tó kó o lẹ́rú.

Ikú

Àwọn kan fi owó ńlá lọ Elizabeth Cox láti ra Fuller, ṣùgbọ́n kò tà á. Inú oko ẹrú ni Fuller kú sí ní ọdún 1790, ní ẹni nǹkan bí ọdún 80.