Olóògbé Ephraim Amu, Akọ̀wé Orin ní Gánà

Ní Peki, ní ilẹ̀ Ewe, ni a bí Ephraim Amu ní ọdún 1899. Ohùn orin Òyìnbó a máa sọ ọ̀rọ̀ Ewe àti Twi di nǹkan mìíràn lẹ́nu ìjọ. Àwa Yorùbá pàápàá mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, bí Amu bá ń kọ orin, ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń tẹ̀lé: bí ọ̀rọ̀ bá gòkè, orin a gòkè, bí ó bá sọ̀kalẹ̀, orin a sọ̀kalẹ̀. Ó tún fi aṣọ ìbílẹ̀ wàásù ní Akropong. Àwọn aláṣẹ ìjọ kò fara mọ́ ọn, iṣẹ́ olùkọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1933. Ilé-ẹ̀kọ́ Achimota, ní Accra, gbà á ní 1934. Ó sùn nínú Olúwa ní 1995. Yɛn Ara Asaase Ni, tí ó kọ ní 1929, ṣì wà lẹ́nu àwọn ará Gánà.