Syd Barrett: Ẹni tó dá Pink Floyd sílẹ̀, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò dá mọ̀ mọ́

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹfà, ọdún 1975 ni ọkùnrin kan tó sanra, tó ti fá irun orí àti irun ìpéǹpéjú rẹ̀ kanlẹ̀, wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ olórin Pink Floyd ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀. Wọ́n wò ó títí, wọn ò mọ̀ ọ́n.

Syd Barrett ni. Òun ló sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ. Òun náà sì ni orin tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ yẹn, Shine On You Crazy Diamond, ń sọ nípa rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a mọ̀ tán, omi bọ́ lójú Roger Waters.

Roger Keith Barrett ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n bí i ní ìlú Cambridge lọ́jọ́ kẹfà, oṣù Kìíní, ọdún 1946. Dókítà ni bàbá rẹ̀, àmọ́ ó kú nígbà tí ọmọ náà ò tíì pé ọdún 16.

Lọ́dún 1964, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Camberwell, Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ló ti dara pọ̀ mọ́ Waters, tí wọ́n jọ dàgbà, Nick Mason àti Richard Wright. Ó mú orúkọ olórin blues méjì ní Amẹ́ríkà, Pink Anderson àti Floyd Council, ó so wọ́n pọ̀.

Ọdún 1967 ni ìràwọ̀ rẹ̀ tàn. Àwo orin wọn àkọ́kọ́, The Piper at the Gates of Dawn, jáde lóṣù Kẹjọ. Nínú orin 11 tó wà níbẹ̀, òun nìkan ló kọ 8. Abbey Road yìí kan náà ni wọ́n ti ṣe é, lásìkò tí àwọn Beatles ń ṣe Sgt. Pepper nínú yàrá míì.

Ṣùgbọ́n Barrett ti ń lo oògùn olóró LSD gan-an. Nígbà míì, yóò kàn dúró lórí ìtàgé ni, kò ní kọrin, kò ní ta gìtá. Títí dòní, àwọn èèyàn ṣì ń jiyàn bóyá oògùn ló dà á láàmú ni àbí àìsàn ọpọlọ.

Wọ́n pe David Gilmour, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Cambridge, kún wọn. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 1968, lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń lọ ṣeré ní Southampton, wọ́n pinnu pé àwọn ò ní yà gbé e. Bó ṣe kúrò nínú ẹgbẹ́ nìyẹn.

Síbẹ̀, wọn ò pa á tì pátápátá. Waters àti Gilmour bá a ṣe àwo orin The Madcap Laughs tó jáde lọ́dún 1970. Lẹ́yìn ìkejì lọ́dún yẹn kan náà, ó padà sí Cambridge.

Pink Floyd di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́yìn rẹ̀. Àwo orin The Dark Side of the Moon, tó jáde lọ́dún 1973, tà ju mílíọ̀nù 45 lọ, ọ̀rọ̀ orí tó dàrú sì wà nínú rẹ̀. Wish You Were Here tẹ̀lé e lọ́dún 1975. Orin tí wọ́n fi rántí Barrett ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun náà ló parí rẹ̀.

Ní Cambridge, ó padà sí orúkọ rẹ̀, Roger. Ó ń ya àwòrán, ó ń tọ́jú ọgbà, kì í dá àwọn oníròyìn lóhùn. Gilmour rí i dájú pé owó orin rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Àìsàn jẹjẹrẹ ló pa á lọ́jọ́ keje, oṣù Keje, ọdún 2006. Ẹni ọdún 60 ni.