Julius Robert Mayer: Dókítà Tí Ó Rí I Pé Agbára Kì Í Ṣègbé

Àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ físíìsì ní sẹ́kọ́ńdìrì máa ń há a sórí pé ènìyàn kò lè ṣẹ̀dá agbára, kò sì lè pa á run, àfi kí agbára yí padà láti ìrísí kan sí òmíràn. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó parí. Bí a bá bi wọ́n pé ta ni ó kọ́kọ́ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí kí ayé tó gbà á gbọ́, wọn kì í mọ̀. Ìtàn ọkùnrin náà ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1814 ni wọ́n bí Julius Robert Mayer ní ìlú Heilbronn, létí odò Neckar, ní ilẹ̀ Jámánì. Baba rẹ̀ ń po oògùn tà. Nígbà tí Mayer tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ṣe kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí omi ń yí. Ó fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ náà máa fa omi padà sókè, kí omi náà tún máa yí kẹ̀kẹ́, kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró. Gbogbo bí ó ṣe tún un ṣe tó, pàbó ni ó já sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń polówó jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ní kò ní mu epo, tí kò ní lo oòrùn, tí yóò máa fi iná tirẹ̀ bọ́ ara rẹ̀. Owó ẹni ẹlẹ́ni sì ń bá a lọ.

Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Tübingen. Wọ́n lé e fún ìgbà díẹ̀ ní 1837 nítorí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ó padà, ó sì di dókítà ní 1838. Ní 1840, ó bá ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Họ́lándì lọ gẹ́gẹ́ bí dókítà, láti Rotterdam dé Java, erékùṣù àwọn Mùsùlùmí tí ó wà ní Indonéṣíà òde òní.

Oòrùn Java mú bíi ti ìhà tiwa níbí. Ní ayé ìgbà náà, dókítà a máa bẹ́ iṣan aláìsàn kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè jáde. Àwọn àgbà tí ó mọ híjámà yóò mọ ohun tí mò ń wí, bí ọ̀nà wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ń padà sí ọkàn máa ń dúdú díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mayer bẹ́ iṣan àwọn atukọ̀ ní èbúté Surabaya, ẹ̀jẹ̀ pupa yòò ni ó rí. Àyà rẹ̀ já; ó rò pé òun ti ṣèèṣì gé iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní kí ó fọkàn balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí ní ilẹ̀ olóoru.

Ẹlòmíràn ìbá gbàgbé. Mayer kò gbàgbé. Ó rò ó pé oúnjẹ tí a jẹ ni ara ń jó bí igi ìdáná, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ó sì fi ń jó o. Níbi tí ooru bá wà, ara kò ní dáná púpọ̀, ọ́síjìn yóò ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì pọ́n. (Àlàyé àwọn dókítà òde òní yàtọ̀: wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ya púpọ̀ lọ sí awọ ara kí ara lè tutù, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdánù ọ́síjìn rẹ̀ níbẹ̀. Àṣìṣe yìí kò ba ibi tí Mayer gbà dé jẹ́.) Ó tún rò ó síwájú. Obìnrin tí ń gúnyán ní Bẹẹrẹ, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ sì ń gbóná. Oúnjẹ kan náà ni ó bí méjèèjì. A jẹ́ pé ọmọ ìyá ni iṣẹ́ àti ooru. Ọ̀kan lè di èkejì, àpapọ̀ wọn kò sì gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín.

Ẹ fọwọ́ kan ata tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ní Ọjà'ba, ẹ ó rí i pé ó gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Agbára inú epo ni ó di yíyí, tí yíyí di lílọ̀, tí lílọ̀ di ooru. Ọkọ̀ tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Màpó, bíréèkì rẹ̀ a gbóná bákan náà. Agbára tí ó fi gun òkè kò sọnù.

Nígbà tí ó padà dé ní 1841, Mayer kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Poggendorff, olóòtú ìwé àwọn onífísíìsì. Kò tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sì fèsì. Kí a má parọ́, àṣìṣe pọ̀ nínú ìwé náà, nítorí Mayer kò mọ físíìsì dáadáa nígbà náà. Ó jókòó, ó kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ní 1842, Liebig tẹ òmíràn jáde fún un nínú ìwé àwọn onímọ̀ kẹ́míkà. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣírò pé bí omi bá já láti òkè tí ó ga ní mítà 365, ooru tí ìjábọ́ náà lè bí yóò fi dígírì kan péré kún gbígbóná omi ọ̀hún. Ìṣirò òde òní fi í sí nǹkan bíi mítà 427. Cocoa House ní Dùgbẹ̀ ga tó mítà 105; ẹ fojú inú wo mẹ́rin tí a tò lé ara wọn, kí ẹ sì da omi láti orí wọn fún dígírì kan ṣoṣo! Abájọ tí ojú kò fi tètè rí i.

Láàárín ìgbà náà, Joule ní Manchester ń fi abẹ́ ẹ̀rọ ro omi, ó sì ń wọn bí omi ṣe ń gbóná. Ní 1847, Helmholtz kọ ìwé tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ Mayer. Nígbà tí ó jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn. Ní 1848, méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kú. Ìbànújẹ́ àti àìrí oorun sùn borí rẹ̀, ó sì bẹ́ láti ojú fèrèsé ní oṣù karùn-ún 1850. Ó fara pa púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú, níbi tí a ti dè é mọ́ àga. Ó jáde ní 1853. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ ń sọ pé ó ti kú, nígbà tí ó ṣì wà láàyè ní Heilbronn.

Ní 1862 ni Tyndall, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, dìde níwájú àwọn ènìyàn jàǹkàn-jàǹkàn, ó ṣàlàyé ìmọ̀ yìí tán, ó wá sọ fún wọn pé dókítà kan ní ìlú kékeré ní Jámánì ni ó ti kọ gbogbo rẹ̀. Inú bí àwọn ọ̀rẹ́ Joule, àríyànjiyàn sì pọ̀. Ní tèmi, Mayer ni ó kọ́kọ́ rí i, Joule ni ó wọ̀n ọ́n tí kò ṣeé jà níyàn mọ́. Ẹgbẹ́ Royal Society ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù fún Joule ní àmì ẹ̀yẹ Copley ní 1870, wọ́n sì fún Mayer ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó pa á ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta 1878, ní Heilbronn kan náà tí ó ti gbé kẹ̀kẹ́ kékeré rẹ̀ sínú omi.