Walt Disney: Fíìmù kan tí ọmọ tó ń pín ìwé ìròyìn wò, tí kò sì gbàgbé

Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán ní Mile 12 tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé ata àti tòmátì wá láti Òkè Ọya yóò ti máa já ẹrù wọn sílẹ̀. Láti ibẹ̀ títí dé Kẹ́tú, àwọn ọmọdé kan ti wà lójú títì, wọ́n ń kiri ọjà kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé. Bó bá wá di ọjọ́ Sátidé, tí iná sì wà, àwọn ọmọ kan náà ni yóò máa bá ara wọn jà nínú pálọ̀ lórí kàtúùnù tí wọn yóò wò. Èyí ní kìnnìún ni òun fẹ́, ìyẹn ní ọmọ ọba inú yìnyín ni. Àwọn àgbàlagbà a sì máa rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí òun náà ń jí ṣiṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Fíìmù kan ṣoṣo tó wò lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló darí ayé rẹ̀. Walter Elias Disney ni orúkọ rẹ̀, Walt ni gbogbo ayé ń pè é.

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejìlá, ọdún 1901 ni wọ́n bí i ní Chicago. Elias, baba rẹ̀, kò mọ eré ṣe rárá. Ó ṣe káfíńtà, ó ṣe àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ ohun tó ń lé. Ọdún 1906 ni wọ́n kó lọ sí oko kan lẹ́bàá Marceline, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ibẹ̀ ni Walt ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ẹran ọ̀sìn. Nígbà tí oko kò lérè mọ́, wọ́n tà á, wọ́n sì kó lọ sí Kansas City ní 1911. Elias ra ẹ̀tọ́ láti máa pín ìwé ìròyìn ní àdúgbò kan, ó sì kó iṣẹ́ náà lé Walt àti Roy ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Walt fi jí lóru, nínú òjò àti yìnyín, tó ń gbé ìwé ìròyìn kiri ilé onílé, tó sì ń sùn ní kíláàsì. Baba rẹ̀ kò san kọ́bọ̀ fún un, ó gbà pé oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ àti aṣọ tó ń wọ̀ ti tó owó iṣẹ́. Irú baba bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ òǹkàwé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1917 ni iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn náà ṣe fàájì fún àwọn ọmọ tó ń bá a pín ìwé. Wọ́n kó wọn jọ sí gbọ̀ngàn ńlá kan ní Kansas City, wọ́n sì fi fíìmù hàn wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Fíìmù náà kì í sọ̀rọ̀, ènìyàn gidi ló ṣeré inú rẹ̀, Marguerite Clark sì ni òṣèré tó léwájú. Àlọ́ àwọn ará Jámánì kan ló dá lé, ti Snow White, ọmọ ọba tí ìyàwó bàbá rẹ̀ ń jowú ẹwà rẹ̀ títí tó fi fẹ́ pa á, tí àwọn aràrá méje sì gbà á sílé. Yorùbá tó mọ àlọ́ ìyàwó bàbá kò ní í ṣòro fún láti lóye rẹ̀. Aṣọ funfun mẹ́rin ni wọ́n ta sínú gbọ̀ngàn náà, ibi tí Walt jókòó sí sì jẹ́ kó lè rí méjì nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò gbàgbé ọjọ́ náà mọ́ títí tó fi kú.

Ohun tó tẹ̀lé e kì í ṣe oríire. Lẹ́yìn tó wa ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ Red Cross ní ilẹ̀ Faransé, ó padà sí Kansas City, ó dá iléeṣẹ́ kàtúùnù sílẹ̀ ní 1922, gbèsè sì pa á ní ọdún kejì. Ó kó lọ sí Hollywood, òun àti Roy sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ní 1928, àwọn tó ń bá a ta fíìmù gba ehoro tó ti sọ di olókìkí mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ. Eku ló fi rọ́pò ehoro, ìyẹn Mickey Mouse. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, eku yìí ti ń fọn fèrè, ó sì ń jó nínú sinimá ní New York.

Ṣùgbọ́n kàtúùnù ìgbà náà kò ju ìṣẹ́jú méje sí mẹ́jọ lọ. Wọ́n kàn ń fi í pa àwọn òǹwòran lẹ́rìn-ín kí fíìmù gidi tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní 1934, Walt pe àwọn ayàwòrán rẹ̀ jọ, ó dìde níwájú wọn, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe gbogbo ẹni inú àlọ́ Snow White, látorí ìyàwó bàbá dórí àwọn aràrá. Ó ní odidi fíìmù ni wọn yóò fi ṣe. Àwòrán mẹ́rìnlélógún ló ń kọjá lójú òǹwòran ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ fíìmù tó ní lọ́kàn lé ní ìṣẹ́jú ọgọ́rin. Ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń yà á. Roy ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Lillian ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má dán an wò. Àwọn oníṣẹ́ fíìmù ní Hollywood fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìwà òmùgọ̀ Disney ni. Owó tó rò pé yóò ná an kò ju 250,000 dọ́là lọ, àfi ìgbà tó fi wọ nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ó fi ilé rẹ̀ dúró fún gbèsè, ó sì di dandan kó fi fíìmù tí kò tíì parí han òṣìṣẹ́ báǹkì kí wọ́n tó yá a ní ìyókù.

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejìlá, 1937 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn ní Los Angeles. Nígbà tí Snow White dùbúlẹ̀ bí òkú tí àwọn aràrá sì yí i ká, àwọn àgbà òṣèré tó wà níjòókòó bú sẹ́kún. Àwòrán tí a fi ọwọ́ yà ni wọ́n ń sunkún lé lórí. Owó tó wọlé ní ìgbà àkọ́kọ́ náà tó mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là.

Inú oríire yẹn gan-an ni ọ̀fọ̀ ti wọlé. Walt àti Roy ra ilé tuntun fún àwọn òbí wọn ní North Hollywood. Flora, ìyá wọn, ń ráhùn pé ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru kò dára, Walt sì rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti tún un ṣe. Wọn kò tún un ṣe dáadáa. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, 1938, èéfín rẹ̀ pa Flora. Èéfín náà kò yàtọ̀ sí ti jẹnẹrétọ̀, tó ti pa odidi ìdílé mọ́jú ní Èkó. Walt kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ikú náà. Nígbà tí Bambi jáde ní 1942, tí ọdẹ sì yìnbọn pa ìyá ọmọ àgbọ̀nrín, àwọn kan sọ pé ìyá rẹ̀ ló ń ṣọ̀fọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀ kí Flora tó kú. Síbẹ̀, kò yọ ibẹ̀ kúrò.

Kì í ṣe pé Walt kò ní àléébù. Ní oṣù karùn-ún 1941, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ gùn lé ìyanṣẹ́lódì nítorí owó oṣù àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lé dànù. Ó bínú débi pé ní 1947, ó dárúkọ àwọn kan nínú wọn níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà pé Kọ́múníìsì ni wọ́n. Ọmọ tí baba rẹ̀ kò san owó iṣẹ́ fún ì bá mọ bó ṣe ń rí lára òṣìṣẹ́.

Ó ṣí ọgbà ìgbafẹ́ Disneyland ní 1955. Sìgá kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ló sì pa á ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejìlá, 1966, lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rin. The Jungle Book tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ kò jáde títí di ọdún tó tẹ̀lé e.

Ní oṣù kejì 2024, iléeṣẹ́ tó fi sílẹ̀ àti iléeṣẹ́ Kugali, tí Tolu Olowofoyeku àti Ziki Nelson, ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú Hamid Ibrahim, ọmọ Uganda, dá sílẹ̀, gbé kàtúùnù kan jáde tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Iwájú. Èkó ọjọ́ iwájú ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Tọ́lá, ọmọ olówó inú rẹ̀, ń gbé ní Erékùṣù. Kọ́lé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ń gbé ní òdìkejì omi, ní apá ibi tí Kẹ́tú àti Mile 12 wà.