JÒHÁNÙ MÍMỌ́ ẸLẸ́NU WÚRÀ ÀTI ÀÀWẸ̀ OGÓJÌ ỌJỌ́ NÍ ÌLÚ ÁŃTÍÓKÙ

Ní gbogbo ìgbà Ààwẹ̀ Ogójì Ọjọ́, Ìjọ Mímọ́ a máa gbé ẹ̀kọ́ kíkà láti inú Ìwé Mímọ́ ka iwájú wa lójoojúmọ́, kì í ṣe ní ọjọ́ Àìkú nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, tí a sì ń padà sílé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tí ó dúró níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìgbà ààwẹ̀ ọdún 387, tí ó ń ṣí Ìwé Mímọ́ fún wọn lọ́jọ́ dé ọjọ́, nígbà tí ikú rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí gbogbo ìlú. Orúkọ rẹ̀ ni Jòhánù. Àwọn tí wọ́n wá lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n lónìí, Chrysostom, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ láti inú èdè Gíríìkì jẹ́ Ẹlẹ́nu Wúrà.

Ní nǹkan bí ọdún 349 ni a bí Jòhánù ní Áńtíókù, ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Síríà ìgbà náà, èyí tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Tọ́kì lónìí. Ìlú yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ka ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, nítorí níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù ní Krístẹ́nì. Secundus bàbá rẹ̀ jẹ́ ìjòyè nínú iṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n ó kú nígbà tí Jòhánù ṣì wà ní ọmọ ọwọ́. Anthusa ìyá rẹ̀ kò ju ẹni nǹkan bí ogún ọdún lọ nígbà tí ó di opó. Obìnrin yìí kọ̀ láti fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ tọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì rán an lọ sọ́dọ̀ Libanius, olùkọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú ìmọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ní ìgbà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abọ̀rìṣà ni olùkọ́ yìí. Níbẹ̀ ni Jòhánù ti kọ́ bí a ti ń to ọ̀rọ̀ kí ó lè wọ etí olùgbọ́. Iṣẹ́ amòfin àti ipò ọlá ṣí sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó gba ìrìbọmi nígbà tí ó tó bí ọmọ ogún ọdún, ó sì fi ara rẹ̀ fún ìjọsìn.

Kò pẹ́ tí ó fi gun orí òkè lọ sọ́dọ̀ àwọn mọ́ńkì tí ń gbé lẹ́bàá ìlú. Ó lo ọdún mẹ́rin lábẹ́ ìtọ́ni arúgbó kan, lẹ́yìn náà ó dá nìkan gbé inú ihò àpáta fún nǹkan bí ọdún méjì. Ìwé Mímọ́ ni alábàákẹ́gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì kọ́ ọ sórí. Ṣùgbọ́n òtútù, àìsùn àti àìjẹun ba inú àti kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ dé ibi pé kò tún ní ìlera pípé mọ́ títí ó fi kú. Bí ó ti padà sí ìlú nìyí. Ní ọdún 381 a fi í jẹ díákónì, ní ọdún 386 Bíṣọ́ọ̀bù Flavian sì fi í jẹ àlùfáà, ó fi iṣẹ́ ìwàásù lé e lọ́wọ́. Kò tíì pé ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí nígbà tí ìjì dé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 387, nígbà tí ààwẹ̀ ń kanlẹ̀kùn, ìwé kan dé láti ọ̀dọ̀ Theodosius, ọba ńlá ilẹ̀ Róòmù, pé kí ìlú san owó orí tuntun tí ó wúwo. Àwọn ènìyàn figbe ta. Àwọn kan kọ́kọ́ lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ aláṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn jàǹdùkú dà sí àárín wọn, ọ̀rọ̀ sì di rúkèrúdò. Wọ́n wó ère ọba lulẹ̀, wọ́n wó ti Flaccilla, ìyàwó rẹ̀ tí ó ti kú, àti ti àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ń wọ́ wọn ká ojú pópó. Ní òfin Róòmù, ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan ère ọba bí ẹni fi ọwọ́ kan ọba fúnra rẹ̀ ni. Ìrúkèrúdò náà kò ju wákàtí díẹ̀ lọ kí àwọn ọmọ ogun tó pa á. Nígbà tí ojú wálẹ̀ tán, gbogbo ìlú rí ohun tí ó ti ṣe. Aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tí ọwọ́ tẹ̀, àwọn kan nípa idà, àwọn kan nínú iná, a kò sì dá àwọn ọmọdé sí. Ìròyìn sì tàn kálẹ̀ pé ọba yóò pa ìlú náà run pátápátá.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Flavian ti di arúgbó, ara rẹ̀ kò le, òjò àti òtútù wà lójú ọ̀nà, arábìnrin rẹ̀ sì wà lórí àkéte àìsàn tí kò ní dìde níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ ó dìde, ó rin ìrìn tí ó ju 1,000 kìlómítà lọ sí Constantinople, láti lọ bẹ ọba. Jòhánù ni ó sì kù sílé pẹ̀lú agbo tí ẹ̀rù ti gbá mú.

Fún ọjọ́ méje Jòhánù kò wàásù, ó jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ bí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ti jókòó tì í nínú eérú. Lẹ́yìn náà ni ó la ẹnu rẹ̀. Ọjà ti dá páropáro, ilé eré kò ní ènìyàn mọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni lè rò pé yóò máa sọ nípa ọba àti owó orí lójoojúmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé Mímọ́ ni ó ṣí. Ó mú wọn lọ sọ́dọ̀ Jóòbù tí ó pàdánù ohun gbogbo láìpàdánù Ọlọ́run. Ó mú wọn lọ sínú iná ìléru níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ti ń rìn láìjóná. Ó mú wọn lọ sí Nínéfè, ìlú tí ìdájọ́ ti jáde lórí rẹ̀, tí ó sì yè nítorí pé ó ronú pìwà dà. Ó ṣí ìwé Jẹ́nẹ́sísì, tí a ń kà ní ìgbà ààwẹ̀ ní ìjọ náà, ó fi hàn wọ́n pé Ọlọ́run tí ó dá ọ̀run àti ayé kò tíì gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ó kọ́ wọn pé ààwẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀fun nìkan. Ojú ní ààwẹ̀ tirẹ̀, etí ní tirẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní tiwọn. Ẹni tí ó takété sí ẹran àti ẹja, ṣùgbọ́n tí ó ń fi ẹnu ba ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ́, ẹran ara arákùnrin rẹ̀ ni ó ń jẹ. Nígbà tí ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn kan tí wọ́n ti jẹun ń tijú láti wá sí ìsìn, ó pè wọ́n wọlé. Kò sí ìtìjú nínú pé ara ẹni kò gba ààwẹ̀. Ohun ìtìjú ni kí a sá fún ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ohun kan ni ó tún sọ títí ó fi sú àwọn mìíràn: ìbúra. Àwọn ará Áńtíókù fẹ́ràn láti máa búra lórí ohun gbogbo, ní ọjà, nínú ilé, nígbà tí wọ́n bá ń bá ìránṣẹ́ wọn wí. Jòhánù rán wọn létí Hẹ́rọ́dù, ẹni tí ìbúra rẹ̀ mú kí ó bẹ́ orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Ó ní kí ẹnìkan máa ṣọ́ ẹnìkejì nínú ilé, kí ìwà yìí lè tán kí ààwẹ̀ tó parí. Ìlú tí ó ń retí ikú ni ó ń bá sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó jọ ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè yí ọkàn ọba padà ní Constantinople, ṣùgbọ́n olúkúlùkù lè ṣàkóso ahọ́n tirẹ̀.

Láàárín ààwẹ̀ náà ni ìjòyè ọba méjì dé, Ellebichus àti Caesarius. Wọ́n ti ilé ìwẹ̀ àti ilé eré pa, wọ́n gba ipò olú ìlú lọ́wọ́ Áńtíókù, wọ́n sì de àwọn ọlọ́lá ìlú ní ẹ̀wọ̀n láti dá wọn lẹ́jọ́. Nígbà náà ni àwọn mọ́ńkì sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ọ̀kan nínú wọn, Macedonius, tí kò mọ ìwé, di ẹ̀wù ìjòyè ọba mú ní ojú ọ̀nà, ó ní kí ó sọ fún ọba pé ère tí ó wó ṣe é tún gbé ró, ṣùgbọ́n ọba kò lè dá irun kan ṣoṣo padà sí orí ẹni tí ó bá pa, nítorí àwòrán Ọlọ́run ni ènìyàn jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí wọ àwọn ìjòyè náà lára. Wọ́n dá ìdájọ́ dúró, Caesarius sì gun ẹṣin padà sí Constantinople láti béèrè ohun tí ọba fẹ́.

Flavian ti ń sunkún níwájú ọba ní àkókò náà. Theodosius dárí ji ìlú náà, arúgbó sì yára padà kí ó lè bá agbo rẹ̀ ṣe Àjíǹde. Wọ́n fi òdòdó ṣe ọjà lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n tan fìtílà sí gbogbo ibẹ̀. Àjíǹde ọdún náà bọ́ sí ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Ní òru ọjọ́ náà gan-an ni Ambrose Mímọ́ ṣe ìrìbọmi fún Augustine ní ìlú Mílàn, lẹ́yìn tí òun pẹ̀lú ti lo Ààwẹ̀ Ogójì Ọjọ́ láti gbọ́ ẹ̀kọ́. Ìwàásù 21 ni ó ṣẹ́ kù fún wa nínú àwọn tí Jòhánù ṣe lórí ọ̀rọ̀ àwọn ère náà.

Ní ọdún 398 a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù Constantinople. Nǹkan bíi jíjí ni wọ́n jí i gbé kúrò ní Áńtíókù kí àwọn ènìyàn má bàa dí i lọ́wọ́. Ó gé ìnáwó ààfin bíṣọ́ọ̀bù kù, ó fi owó náà kọ́ ilé ìwòsàn fún àwọn aláìní. Ó bá àwọn ọlọ́rọ̀ wí, ó bá àwọn àlùfáà wí, kò sì yọ ayaba Eudoxia sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu yìí jáde ni ó jẹ́ wúrà. Ó le jù nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ kíkorò tí ó sì sọ nípa àwọn Júù ní Áńtíókù ṣe ìpalára ní ìgbà tí ó tẹ̀ lé e. Ìjọ kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè, gẹ́gẹ́ bí Àpéjọ Vatican Kejì ti fi hàn kedere ní ọdún 1965.

Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ṣe ìgbìmọ̀ lòdì sí i ní ọdún 403. Ní Sátidé Mímọ́ ọdún 404, àwọn ọmọ ogun ya wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn tí wọ́n fi gbogbo ààwẹ̀ múra sílẹ̀, wọ́n sì ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà a lé Jòhánù kúrò ní ìlú lọ sí Cucusus ní ilẹ̀ Àméníà. Pópù Innocent Kìíní dúró tì í láti Róòmù. Láti ibẹ̀ ni Jòhánù ti ń kọ lẹ́tà ìtùnú sí Olympias, díákónì obìnrin tí ó jẹ́ olóòótọ́ sí i. Ní ọdún 407 wọ́n tún ń fi ẹsẹ̀ lé e lọ sí ibi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú òjò àti oòrùn, títí ó fi ṣubú ní Comana. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ni ó kú, ọpẹ́ sí Ọlọ́run nítorí ohun gbogbo ni ó sì gbẹ̀yìn ẹnu rẹ̀.

Ní ọdún 438 a gbé egungun rẹ̀ padà sí Constantinople pẹ̀lú ọlá. Ní ọdún 1568 Pópù Pius Karùn-ún kà á mọ́ àwọn Olùkọ́ni Ìjọ, Pópù Pius Kẹwàá sì fi í ṣe alábòójútó àwọn oníwàásù ní ọdún 1908. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ni a ń ṣe ìrántí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ kíkà tí Jòhánù ṣàlàyé fún àwọn ará Áńtíókù, òun kan náà ni a ń kà létí wa. Ẹ jẹ́ kí á ka ẹ̀kọ́ ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ilé wa kí á tó jáde lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Ẹ jẹ́ kí á yan ìwà kan ti ahọ́n, ìbúra ni o, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni o, kí á sì gbààwẹ̀ rẹ̀ títí di ọjọ́ Àjíǹde. Ẹni tí ara rẹ̀ kò sì gba àìjẹun, kí ó má ṣe jókòó sílé; kí ó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Olúwa.

Jòhánù Mímọ́ Ẹlẹ́nu Wúrà, gbàdúrà fún wa. Àmín.