James Watt: Ọdún Mẹ́wàá Tó Fi Wá Ẹnìkejì

Bí a bá dárúkọ James Watt, ẹ̀rọ tí ooru omi híhó ń darí ló ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Orúkọ rẹ̀ náà ló wà lára gílóòbù tí a ń tàn nílé. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé odidi ọdún mẹ́wàá ni ìhùmọ̀ rẹ̀ fi wà láìdi òwò, kì í ṣe pé ọgbọ́n rẹ̀ kò pé, ẹni tí yóò bá a gbé e ni kò tíì rí.

Ìlú Greenock, ní Scotland, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 19, oṣù kìíní, ọdún 1736. Iṣẹ́ ṣíṣe ohun èlò tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn nǹkan ló kọ́, Yunifásítì Glasgow sì fún un ní ṣọ́ọ̀bù nínú ọgbà wọn ní 1757. Lọ́dún 1759, òun àti John Craig da òwò pọ̀, òwò náà sì ń lọ déédéé títí Craig fi kú ní 1765. Ọdún yẹn gan-an ni ìhùmọ̀ ńlá dé. Watt ti ń tún ẹ̀rọ Newcomen kékeré kan ṣe fún yunifásítì, ó sì rí i pé sílíńdà kan náà ni wọ́n ń mú gbóná, tí wọ́n tún ń mú tutù, èédú sì ń ṣòfò. Ó ronú kan àgbá ọ̀tọ̀ tí ooru yóò ti máa di omi, kí sílíńdà lè máa gbóná lọ.

Gbèsè ló fi ṣe ìdánwò rẹ̀. John Roebuck, tí omi ń kún ibi ìwakùsà èédú rẹ̀, san pọ́n-ùn 1,000 lórí gbèsè náà, ó sì gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ìhùmọ̀ ọ̀hún. Ìwé àṣẹ ìjọba jáde ní 1769. Ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, nítorí kò sí ẹni tó lè gbẹ́ sílíńdà kó rẹ́gí. Watt lọ ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tó ń gbẹ́ odò ọkọ̀ ojú omi, kó lè bọ́ ìdílé rẹ̀.

Matthew Boulton, oníṣòwò Birmingham tó ní ilé iṣẹ́ ńlá ní Soho, ti mọ Watt láti 1768. Roebuck fẹ́ kó máa ṣe ẹ̀rọ náà fún ẹkùn mẹ́ta péré. Boulton kọ̀, gbogbo ayé ló fẹ́ tà á fún. Lójú tèmi, kíkọ̀ yẹn ló gba Watt là, bó tilẹ̀ dùn ún nígbà náà.

Ní 1773, gbèsè wó Roebuck lulẹ̀. Ó jẹ Boulton ní pọ́n-ùn 1,200. Àwọn olówó yòókù kò ka ìwé àṣẹ náà sí nǹkan kan, Boulton ní kí wọ́n fún òun dípò owó òun. Ọdún yẹn náà ni ìyàwó Watt kú. Ní 1774, ó kó lọ sí Birmingham.

Síbẹ̀, Boulton kò kánjú. Ìwé àṣẹ náà kò ní pẹ́ parí, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sún un síwájú. Wọ́n sún un di 1800 ní 1775. Ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì ṣe àdéhùn ọdún 25: ìdá méjì nínú mẹ́ta fún Boulton, tí yóò gbé gbogbo ìnáwó, ìyókù fún Watt. John Wilkinson, tó ti mọ bí a ti ń gbẹ́ ihò àgbá ìbọn, ló bá wọn gbẹ́ sílíńdà, ẹ̀rọ méjì àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1776.

Ọwọ́ Watt wọ kèǹgbè, kò kàn tó pẹpẹ ni. Orí fífọ́ kì í fi í sílẹ̀, ó sì kórìíra kí a máa dúnàá-dúrà. Boulton ló ń wá oníbàárà, ló ń wá owó. Ìdá kan nínú mẹ́ta iye èédú tí ẹ̀rọ náà bá dín kù ni wọ́n ń gbà. Àwọn awakùsà Cornwall bá wọn jà lórí owó yìí títí. Boulton náà ló tẹnu mọ́ ọn pé kí Watt ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa yí àgbá kẹ̀kẹ́, Watt sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1781.

Àdéhùn parí ní 1800, wọ́n sì fi òwò lé àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́. Boulton kú ní 1809. Watt tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1819. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, St Mary's ní Handsworth, ni wọ́n sin àwọn méjèèjì sí.